Ìlà Márùn-ún Tí Mo Ṣì Kọ Nínú Ìwé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀

Ọjọ́ kejì àdúà ọjọ́ kẹjọ Jímọ̀ Àlàdé ni ọmọ ọmọ rẹ̀, Bàsírá, wá bá mi nílé. Ẹ̀rúwà ló wà, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí nídìí àkáǹtì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ṣe mí ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n pe bàbá wa àgbà lólè rí?"

Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ kan tí àwọn jọ wà ní kíláàsì ni, pé bàbá àgbà tiẹ̀ ló sọ fún un. Ọmọ náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ìwọ tí bàbá àgbà rẹ jẹ owó ẹgbẹ́, o wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó." Bàsírá ní òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kí òun lọ kọ́ aṣọ rírán.

Mo ní, "Lóòótọ́ ni wọ́n pè é bẹ́ẹ̀. Kò jalè. Èmi ni mo sì fà á tí wọ́n fi pè é lólè."

Ojú tó fi wò mí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan dá lóhùn. Mo ní kó lọ sùn sí ilé ìyá rẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ kẹta, pé n óò ti kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ni mí, n kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ bá a kà. Ìgbésí ayé mi nídìí iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àti orúkọ ọ̀rẹ́ mi.

Jímọ̀ yìí, a ti ń bá ara wa bọ̀ láti ìgbà tí àwa méjèèjì kò tíì ní irùngbọ̀n. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, mo ṣì ń gbé àga méjì síta ní ìrọ̀lẹ́. Ọkàn mi ti mọ̀ pé ó ti lọ. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀.

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ro oko, ó sì ń dẹ̀gbẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí mo ṣe dé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kò gùn rárá: wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé tí kì í mu ẹmu. Mo mọ̀wé díẹ̀, n kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ẹmu. Owó oṣù mi kò tó sọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Samúẹ́lì Akínbọ̀dé, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Dúró. Kúkúrú ni, ṣòkòtò péńpé kakí ló máa ń wọ̀, rúlà onígi rẹ̀ kì í sì í kúrò lábẹ́ abíyá. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé owó. Òǹkà lásán ló ní kí n máa kọ sínú ìwé ilé-ìwé, ẹyọ lábẹ́ ẹyọ, ẹ̀wá lábẹ́ ẹ̀wá. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, rúlà a dún lórí tábìlì.

Yóò ní, "Òjó, ṣé bàbá rẹ kọ ebè wọ́gọwọ̀gọ rí?"

"Rárá, sà."

"Àgbẹ̀ tí kò kàwé, ebè rẹ̀ tọ́. Ìwọ tó kàwé, eéṣe tí tìrẹ fi dà bí ipa ìgbín?"

Ìgbà tó wá gbé ìwé owó lé mi lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ìwé owó máa ń pín sí méjì, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ lónìí mọ̀. Bàbá Dúró ní, "Owó tó bá wọlé, apá òsì. Owó tó bá jáde, apá ọ̀tún." Mo ní mo ti gbọ́. Mo kọ owó tó wọlé sí apá ọ̀tún. Ó fa ìlà sí i, ó ní kí n tún un kọ. Mo tún kọ ọ́ sí apá ọ̀tún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o dití ni, àbí o ya dìndìnrìn?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Bàbá Adéọ̀ṣun wà lára àwọn tó san owó yìí. Wọ́n ju bàbá mi lọ. N kò lè fi ọwọ́ òsì gbowó lọ́wọ́ wọn."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí eyín ọ̀gá mi nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní, "Ìwé kò lọ́wọ́, Òjó. Ojú méjì ló ní. Ọ̀kan ń wo ohun tó wọlé, èkejì ń wo ohun tó jáde. Ẹni tó bá fi ojú kan wo owó ìlú, kò tíì wò ó."

Jímọ̀ ni akápò ẹgbẹ́ nígbà náà, yàrá kejì ló wà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò jẹ́ kí n gbàgbé. Títí ó fi kú, bó bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, ì báà ṣe obì, ọwọ́ òsì ni yóò nà. "Akọ̀wé, gbà. Ìwé ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá Dúró kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé. Ó ní ẹni tó bá ṣì í kọ, kó fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ ìlà, kó sì fi orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ìlà tí kò ní rìsíìtì, irọ́ ni. Ó sì ní ẹni tó di owó mú kò gbọdọ̀ kọ ìwé, ẹni tó ń kọ ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó. Ìdí nìyí tí Jímọ̀ fi ń gbowó, tó ń já rìsíìtì, tí èmi sì ń wo kùkùté rìsíìtì náà, apá tó kù sínú ìwé rẹ̀, láti fi kọ ìwé owó. Mo rò pé wọn kò fọkàn tán wa ni. Mo bi í.

Ó ní, "A fọkàn tán yín. Ìdí tí a fi fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ara yín nìyẹn, kí a lè máa fọkàn tán yín lọ."

Ṣùgbọ́n ohun tó mú ẹgbẹ́ wa yàtọ̀ ni ìkàwé. Ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn oṣù, gbogbo wa a péjọ sábẹ́ igi òdán tó wà níwájú ọ́fíìsì. Èmi a dìde, n óò máa ka orúkọ àti iye tí kálukú san. Ẹni tí mo bá pè a dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni," n óò sì kọjá sí ẹlòmíràn. Bó bá ní "Rárá," ìwé dúró nìyẹn, a kò ní kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi yanjú. Lẹ́yìn náà ni n óò ka ohun tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ ná, títí kan epo tí wọ́n rà sí àtùpà. Ìyá Àlíà kò mọ a yàtọ̀ sí b, síbẹ̀ ó dá mi dúró lọ́jọ́ kan lórí sísì kan péré. Alága wa, Bàbá Olókè, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ènìyàn, ni wọ́n bi pé ta ló jẹ ẹran tí a kọ sí "àlejò". Ó dáhùn. Ó ní òun ni. Ó san án padà. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pe nǹkan wọ̀nyí ní ìjọba rere. Ìkàwé la mọ̀ ọ́n sí.

Ó wá ku ibi tí mo ti bà á jẹ́.

Ìbejì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, Táíwò àti Kẹ́hìndé Ọlátúnjí. Kẹ̀kẹ́ kan ni wọ́n jọ ń gùn, irú fìlà kan náà ni wọ́n ń dé, iye kan náà ni wọ́n sì ń san. Ta ni yóò bí ìbejì ní Igbó-Ọrà tí yóò fún Táíwò ní àkàrà kan tí kò ní fún Kẹ́hìndé? A kò kọ́ ẹnikẹ́ni, inú omi ọmú la ti ń mu ún.

Lọ́dún tí a ń kówó jọ láti ra ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá, Kẹ́hìndé kó lọ sí Igangan, lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó sì ń san owó tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Táíwò nìkan ló ń wá sọ́dọ̀ wa. Náírà mẹ́rin lóṣù ló ń san. Jímọ̀ a gbà á, a já rìsíìtì kan fún un. Ó di ọ̀dọ̀ mi. N óò kọ Táíwò, náírà mẹ́rin, ọwọ́ mi a sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì, a kọ Kẹ́hìndé, náírà mẹ́rin. N kò wo kùkùté. Kí ni n óò máa wò? Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ óò ní ṣebí ìkàwé wà. Ó wà. Mo ń pe Táíwò, Táíwò ń dáhùn. Mo ń pe Kẹ́hìndé, Táíwò ń dáhùn. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní, "Akọ̀wé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa ni mo ti ń bá a dáhùn. Ta ló rántí pé kò sí níbẹ̀?"

Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sanwó ẹ̀rọ, a ka owó inú àpótí lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ìwé ju àpótí lọ ní ogún náírà. Kì í ṣe owó kékeré nígbà náà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bàbá Rààfíù dìde, ohùn rẹ̀ a máa dún bí agogo. Ó ní, "Ìwé kì í jẹun. Ẹni tó ń jẹun ni kí a bi."

Gbogbo ojú yí sí Jímọ̀. Ó ní, "Mi ò jẹ ẹ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọrùn rẹ̀ ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí kọ́. Wọ́n bọ́ ọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ mọ òwe tó ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Jímọ̀ kò tilẹ̀ jalè, aṣọ náà sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ráfátù, ọmọ Bàbá Alíù ní Ẹ̀rúwà, ló fẹ́ fẹ́. Kí ọjà méjì tó kọjá, Bàbá Alíù ránṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé nǹkan ìdána kankan wá, òun kì í fọmọ fólè.

Jímọ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó gbọ́ iṣẹ́ náà. Ó jókòó níwájú mi.

"Òjó, bá mi wo ìwé yẹn."

Mo ní, "Ìwé mi mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí lójú.

Ó ní, "Mi ò sọ pé ó dọ̀tí. Mo ní kó o wò ó."

Ó lọ. Mo gbé gbogbo kùkùté rìsíìtì sílẹ̀, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bá ìwé wé wọn. Táíwò ní rìsíìtì. Kẹ́hìndé kò ní. Mo rò pé ó já bọ́ ni. Mo lọ sí oṣù tó ṣáájú, Kẹ́hìndé kò ní. Mo ka márùn-ún, òógùn bò mí bí ẹni tó ń yan gúgúrú.

N óò sọ òótọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kí n ta iṣu bàbá mi, kí n fi ogún náírà há abẹ́ àpótí, kí a wá "rí i". Mo tilẹ̀ gbé ìmọ̀ràn náà tọ Bàbá Dúró lọ, bí ẹni tó fẹ́ ṣoore. Mo ní, "Ọ̀gá, mo lè san án."

Ó ní, "Bí o bá san án, owó á pé, Jímọ̀ á sì jẹ́ olè tó dá owó padà. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ lo ti kà á. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni wàá ti kà á padà."

"Wọ́n á lé mi lọ, sà."

"Ìyẹn dọwọ́ wọn."

Nígbà ìkàwé, mo dìde. Mo fẹ̀yìn ti igi òdán. Mo ní, "Jímọ̀ kò jẹ owó. Kò sí owó tó sọnù. Èmi ni mo kọ owó tí kò wọlé." Mo fa ìlà márùn-ún lójú wọn, mo fi orúkọ mi sí i lẹ́ẹ̀márùn-ún. Táíwò ló kọ́kọ́ gbá orí ara rẹ̀, ó ní, "Háà, èmi ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Ìyá wọn dìde láti ẹ̀yìn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá ọmọ òun wí, òun lòún kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ́. Wọ́n fi owó oṣù mẹ́ta du mí, wọ́n kìlọ̀ fún Táíwò kó máa dáhùn fún orí ara rẹ̀, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sọ́rùn Jímọ̀.

Àmọ́ etí tó gbọ́ ẹ̀sùn a máa pọ̀ ju etí tó gbọ́ ìdáláre. Bàbá Rààfíù kò wá lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kò wá. Bàbá Dúró ní, "Gbé ìwé rù." Ni a bá wọ lọ́rì, èmi àti òun, ó di Ẹ̀rúwà, ilé Bàbá Alíù.

Bàbá náà jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi wá pé kí la gbé wá, Bàbá Dúró ní ìwé ni.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ṣì í kọ?"

"Èmi náà ni, sà."

Ó ní, "O láyà láti sọ ọ́. Kà á." Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, òun fẹ́ mọ̀ bóyá yóò yí padà. Mo tún un kà. Ó ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kí n kà á kí ìyẹn náà gbọ́. Mo parí rẹ̀, ó pe Ráfátù, ó fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ráfátù ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Ó ní, "Baba, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ogún náírà náà ni. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé mu omi."

Wọ́n gbéyàwó lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, bàbá Bàsírá ni ìkejì.

Ìyókù iṣẹ́ mi, inú ìrọ̀rùn ló lọ. Mo rí i tí ẹ̀rọ ìṣirò ọlọ́wọ́ dé, èyí tí wọ́n ń yí bí ẹ̀rọ ìlọta, tó ń pariwo débi pé àwọn ewúrẹ́ ń sá. Kakulétọ̀ dé tẹ̀lé e. Ó kó sínú àpò, Bàbá Dúró sì sọ pé ohun tó bá kéré báyìí kò lè mọ òótọ́. Ó ń fi ọwọ́ ro gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé, èmi ni mo ti di Bàbá Dúró. Fẹ́mi, akọ̀wé tó gba ipò mi, ń fi ìka kan ṣoṣo pa nǹkan rẹ́. Mo ní, "Níbo ni àpá rẹ̀ wà?" Ó tẹ ibì kan, ó fi hàn mí: orúkọ rẹ̀, ọjọ́, wákàtí, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ yìí ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi kọ́ṣẹ́.

Lọ́dún kan, ọkùnrin kan gbé ajílẹ̀ wá fún àwọn àgbẹ̀ lórúkọ ìjọba. Ìwé tó mú lọ́wọ́ ní ọgọ́rùn-ún àpò, ogójì ló wà nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ kàn fọwọ́ sí i, ìyókù ń bọ̀ lọ́nà."

Jímọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kó dé. Ọwọ́ wa ò ní tíì rọ."

Ó bínú, ó ní òun á ròyìn wa. Mo kọ ogójì, mo fọwọ́ sí ogójì, mo sì kà á nígbà ìkàwé, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù kan, mọ́kàndínlọ́gọ́ta dé. Mo kọ mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọ̀kan tó kù, Jímọ̀ ṣì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ́fíìsì ìjọba wá, títí kan dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Kò sọ mí di olówó, ṣùgbọ́n mo jókòó níbi tí àwọn aláṣẹ ti ní láti dáhùn níwájú ìyá tí kò mọ̀wé, èmi náà sì dáhùn.

Bàsírá dé lọ́jọ́ kẹta, ó ka ohun tí mo kọ títí dé ibi yìí. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Mo ní kó má gbà mí gbọ́. Ọ̀rẹ́ ni mo jẹ́ fún bàbá rẹ̀ àgbà, ọ̀rẹ́ a sì máa purọ́ fún ọ̀rẹ́. Ìwé wà ní ọ́fíìsì, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ọmọ wọn tí wọn kò gbọdọ̀ ṣí i fún. Mo ní kó mú ọmọ tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́, kí Fẹ́mi gbé e jáde fún àwọn méjèèjì.

Ó pe ọmọ náà lórí fóònù, wọ́n lọ lánàá. Ó padà wá lọ́sàn-án òní, eruku ìwé wà ní gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, a rí i. Ìlà márùn-ún, orúkọ yín márùn-ún. Ọmọ yẹn ní òun á sọ ọ́ padà ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun á sì lọ bá bàbá òun àgbà nílé." Ó ní àwọn jọ ń padà sí Ẹ̀rúwà lọ́la, ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ rírán lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo dúpẹ́. Mo rò pé ó parí. Kò dìde.

Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan, sà. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, àròpọ̀ yín fi kọ́bọ̀ mẹ́ta lé. A rò ó lẹ́ẹ̀mẹrin."

Mo ní irọ́ ni. Ó ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Mo wá awò mi, mo fi ìka rò ó láti òkè délẹ̀, ẹyọ lábẹ́ ẹyọ. Kọ́bọ̀ mẹ́ta. Gbogbo ọdún yìí, Bàbá Dúró alára kò rí i.

Mo ní, "Ìlà márùn-ún ni mo rán ọ. Kí lo wá lọ ṣe ní ojú ìwé kejì?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbà yín gbọ́, sà."